Ṣé Apple Yóò Tún Kan Àpótí Géèmù?

Láti bí ogún ọdún sẹ́yìn, kò sí ọdún kan tí ó kọjá tí àwọn tí ń tọpinpin iṣẹ́ kọ̀ǹpútà kò sọ ọ́ láàárín ara wọn pé ilé-iṣẹ́ Apple, tí ó fi ìlú Cupertino ní ìpínlẹ̀ California ṣe ibùjókòó, ti ń múra láti gbé àpótí géèmù tirẹ̀ jáde, èyí tí a ó so mọ́ tẹlifíṣọ̀n nínú pálọ̀, tí a ó fi páàdì méjì tì lẹ́gbẹ̀ẹ́, tí yóò sì bá PlayStation ti Sony, Xbox ti Microsoft àti Switch ti Nintendo du ọjà. Bí Apple bá gba ẹnìkan tí ó mọ géèmù í ṣe sí iṣẹ́, àhesọ yóò bẹ̀rẹ̀; bí ó bá gbé ṣíìpù tuntun jáde tí agbára rẹ̀ ju ti àná lọ, àhesọ yóò tún ru sókè; bí ó bá sì ra ilé-iṣẹ́ kékeré kan, bí ó ti ra RAC7, àwọn ará Canada tí ó ṣe géèmù Sneaky Sasquatch, ní ọdún 2025, ńṣe ni àwọn kan yóò fọwọ́ sọ̀yà pé ọjọ́ náà kù sí dẹ̀dẹ̀. Àwọn àgbà ní bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú. Àhesọ yìí ní ìdí, ìdí náà sì jinlẹ̀, ṣùgbọ́n èmi kò gbà pé inú àpótí tí gbogbo ènìyàn ń retí ni ìdí náà wà.

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ìdí rẹ̀, kí ó bá mi padà sí ibi tí Apple ti ṣẹ̀ wá, nítorí pé kí ilé-iṣẹ́ náà tó ní orúkọ rárá, géèmù ni àwọn méjì tí ó dá a sílẹ̀ ti jọ fi òógùn ojú ṣe. Ní ọdún 1974, Steve Jobs, ọ̀dọ́mọkùnrin tí kò tíì pé ọmọ ogún ọdún, wọ iṣẹ́ ní Atari, ilé-iṣẹ́ tí Nolan Bushnell àti Ted Dabney dá sílẹ̀, tí ó sì ti gbé Pong jáde ní ọdún 1972. Nígbà tí Atari ń wá ẹni tí yóò bá a ṣe géèmù tuntun tí a ń pè ní Breakout, nínú èyí tí ẹni tí ń ṣeré ń fi pátákó kékeré gba bọ́ọ̀lù padà sókè kí ó lè máa fọ́ ògiri bíríkì ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ọ̀rẹ́ rẹ̀ Steve Wozniak ni Jobs sá tọ̀ lọ, Wozniak tí ń ṣiṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀ ní Hewlett-Packard lọ́sàn-án, tí ó sì wá ń fi òru jókòó ti iṣẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rin ni àwọn méjèèjì fi ṣe é, tí wọn kò fi bẹ́ẹ̀ fojú ba oorun, ṣíìpù tí Wozniak lò sì kéré débi pé ó ya àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ Atari fúnra wọn lẹ́nu.

Wozniak kò gbàgbé géèmù yẹn. Nígbà tí ó ń ṣe Apple II, kọ̀ǹpútà tí ó jáde ní ọdún 1977 tí ó sì sọ Apple di ilé-iṣẹ́ ńlá, ohun tí ó fi ṣe òṣùwọ̀n fún ara rẹ̀ ni pé kí ènìyàn lè jókòó, kí ó fi ọwọ́ tẹ ìlà àṣẹ mélòó kan, kí Breakout sì jáde lójú ẹ̀rọ náà láìfi irin kan kún un. Nítorí èyí ni ó ṣe fi àwọ̀ sí i, nígbà tí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà ìgbà náà kò mọ̀ ju dúdú àti funfun lọ. Nítorí èyí ni ó ṣe fi agbóhùnjáde kékeré sí i nínú, kí bọ́ọ̀lù lè dún nígbà tí ó bá kan bíríkì. Nítorí èyí náà ni páàdì méjì tí orí wọn ń yí fi bá a jáde láti inú páálí. Ohun tí àwọn oníṣirò owó àti àwọn olùkọ́ wá ń gbádùn lẹ́yìn náà, ọwọ́ eré ni wọ́n ti rí i gbà.

Orí Apple II yìí kan náà ni Jordan Mechner ti ṣe Karateka ní ọdún 1984 àti Prince of Persia ní ọdún 1989. Kí ìrìn ọmọ aládé inú géèmù náà lè dà bí ti ènìyàn ẹlẹ́ran ara, ó fi kámẹ́rà ya àbúrò rẹ̀ ọkùnrin bí ó ti ń sáré, bí ó ti ń fò, bí ó ti ń rọ̀ mọ́ ògiri, ó sì jókòó ti àwòrán wọ̀nyí ní ọ̀kọ̀ọ̀kan títí ó fi kó ìrìn ọmọ náà sínú kọ̀ǹpútà. Ẹni tí ó bá rí ọmọ aládé yẹn tí ó ń fi ìka ọwọ́ kọ́ etí àjà, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń mì, kò ní bá mi jiyàn pé iṣẹ́ ọnà ni géèmù, gẹ́gẹ́ bí ère gbígbẹ́ àti ìtàn sísọ ti jẹ́ iṣẹ́ ọnà. Inú ọgbà Apple náà ni Trip Hawkins ti jáde ní ọdún 1982 tí ó lọ dá Electronic Arts sílẹ̀, ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe FIFA tí àwọn ọ̀dọ́ wa ń sanwó gbá ní ṣọ́ọ̀bù géèmù ní Èkó àti Ìbàdàn títí ilẹ̀ fi ń ṣú.

Báwo ni ilé tí a bí irú àwọn ènìyàn wọ̀nyí sí ṣe wá di ilé tí kò ka géèmù sí? Mo gbà pé ìtìjú ni ó fà á. Nígbà tí Macintosh jáde ní ọdún 1984, IBM ti wọ ọjà kọ̀ǹpútà pẹ̀lú gbogbo ọlá rẹ̀, àwọn oníṣòwò sì ń wo ẹ̀rọ tí ó kún fún àwòrán, tí a ń fi máòsì darí, bí ohun ìṣeré ọmọdé. Apple kò fẹ́ kí orúkọ yẹn lẹ̀ mọ́ òun. Ó fi orúkọ ara rẹ̀ ta géèmù kan lọ́dún náà, Through the Looking Glass, èyí tí Steve Capps ṣe, ó dì í sínú páálí tí ó rí bí ìwé àtijọ́, kò sì fi bẹ́ẹ̀ polówó rẹ̀. Láti ìgbà náà ni ilé-iṣẹ́ náà ti ń bá géèmù ṣe bí ẹni tí ń bá ìbátan tí kò rí jájẹ ṣe: yóò kí i lójúde, kò ní pè é wọlé.

Àwọn oníkọ̀ǹpútà mìíràn gbìyànjú ju bẹ́ẹ̀ lọ, ojú wọn sì rí nǹkan. Amstrad ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé GX4000 jáde ní ọdún 1990, kò pẹ́ tí ó fi wọlé. Commodore, tí kọ̀ǹpútà rẹ̀, Commodore 64, ti wọ ilé àìmọye ènìyàn, gbé CD32 jáde ní ọdún 1993, nígbà tí ó sì di oṣù kẹrin ọdún 1994, ilé-iṣẹ́ náà ti wọ gbèsè tí kò jáde mọ́. NEC ti Japan nìkan ni mo lè pè ní ẹni tí ó yege láàárín wọn, nítorí pé nígbà tí ó fẹ́ ṣe PC Engine ní ọdún 1987, kò dá a ṣe: ó fọwọ́ so pọ̀ mọ́ Hudson Soft, àwọn tí ó ti mọ géèmù í ṣe látilẹ̀.

Ọ̀rọ̀ Pippin ni ó yẹ kí a dúró tì díẹ̀, nítorí púpọ̀ nínú àwọn tí ń retí àpótí géèmù Apple kò mọ̀ pé a ti bí i rí, pé ó ti kú, pé a sì ti sin ín. Ọdún 1996 ni. Apple ya ìlànà rẹ̀ sílẹ̀, ó sì ta àṣẹ kíkàn rẹ̀ fún ẹni tí ó bá fẹ́. Bandai, ọ̀gá nínú àwọn oníṣòwò ohun ìṣeré ọmọdé ní Japan, ni ó gbà á. Àpótí pẹlẹbẹ ni, a ń ki àwo CD bọ̀ ọ́, ṣíìpù PowerPC 603 tí ń sáré ní mẹ́gáhẹ́tìsì 66 sì ni ọpọlọ rẹ̀, ìran kan náà pẹ̀lú èyí tí ó wà nínú Macintosh. Módẹ̀mù wà fún un tí yóò gba wáyà tẹlifóònù gbé onílé dé orí íntánẹ́ẹ̀tì. Páàdì rẹ̀ tẹ̀ kọrọdọ, bọ́ọ̀lù kékeré kan sì wà láàárín rẹ̀ tí a ń fi àtàǹpàkò yí, kí ẹni tí ó rọ̀gbọ̀kú sórí àga lè máa tọ́ka sí nǹkan lójú tẹlifíṣọ̀n gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó jókòó ti kọ̀ǹpútà. Ṣùgbọ́n kò sí dísìkì ìpamọ́ nínú rẹ̀, nítorí náà, nígbàkígbà tí a bá tàn án, láti orí àwo CD gan-an ni yóò ti máa ka ètò ìṣiṣẹ́ rẹ̀ ní díẹ̀díẹ̀, onítọ̀hún yóò sì máa wojú rẹ̀.

Dọ́là 599 ni wọ́n ń tà á ní Amẹ́ríkà, lọ́dún tí Nintendo 64 dé ní dọ́là 199, tí Sony náà sì ti fa owó PlayStation wálẹ̀ sí dọ́là 199. Ó wọ́n ju àpótí géèmù lọ, kò sì tó kọ̀ǹpútà. Ẹni tí ó fẹ́ ṣeré rí i pé géèmù tí ó wà fún un kò tó nǹkan, ẹni tí ó fẹ́ ṣiṣẹ́ rí i pé kò sí ibi tí òun yóò tọ́jú iṣẹ́ náà sí. Nǹkan bí 42,000 ni a gbọ́ pé wọ́n rí tà nínú rẹ̀ káàkiri ayé. Nígbà tí Jobs padà sí Apple ní ọdún 1997, tí ó ń gé gbogbo ẹ̀ka tí kò so èso, Pippin wọlé sùn.

Síbẹ̀, kì í ṣe Pippin ni ó dùn mí jù. Ní oṣù keje ọdún 1999, níbi ìpàtẹ Macworld ní New York, Jobs pe Jason Jones ti ilé-iṣẹ́ Bungie sórí pèpéle kí ó wá fi géèmù kan tí kò tíì parí han gbogbo ayé. Àwọn ọmọ Chicago ni Bungie, wọ́n ti ń ṣe géèmù fún Macintosh látìgbà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò kà á sí, Marathon tí wọ́n ṣe ní ọdún 1994 sì jẹ́ ìgbéraga fún gbogbo ẹni tí ó ní Macintosh nílé. Géèmù tí Jones fi hàn lọ́jọ́ náà ni Halo, orí Macintosh ni ó sì ti ń sáré, kì í ṣe fíìmù tí a yà sílẹ̀. Nígbà tí ó fi di oṣù kẹfà ọdún 2000, Microsoft ti ra Bungie tán, tọmọtọmọ. Nígbà tí Xbox sì jáde ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kọkànlá ọdún 2001, Halo ni ó fa ogunlọ́gọ̀ ènìyàn lọ sídìí rẹ̀. Ó di oṣù kejìlá ọdún 2003 kí Halo tó dé orí Macintosh. Lọ́dún 2022, Sony ra Bungie náà ní bílíọ̀nù mẹ́ta àti ààbọ̀ dọ́là ó lé. Apple ni ó kọ́kọ́ fà á lọ́wọ́ wá síwájú èrò. Òun nìkan ni kò ná owó lé e lórí.

Ẹ wá jẹ́ kí a wo òwò náà gan-an. Ọ̀nà tí àwọn tí ń ṣe àpótí géèmù ń gbà jèrè àti ọ̀nà tí Apple ń gbà jèrè kì í ṣe ọ̀nà kan náà rárá. Nígbà tí Sony gbé PlayStation 3 jáde ní ọdún 2006, iye tí ó ń tà á kéré sí iye tí ó ń ná an láti ṣe é. Nígbà tí Xbox 360 ń bàjẹ́ lọ́wọ́ àwọn tí ó rà á, Microsoft ya owó tí ó lé ní bílíọ̀nù kan dọ́là sọ́tọ̀ ní ọdún 2007 láti fi tún un ṣe. Wọ́n fara mọ́ àdánù wọ̀nyí nítorí pé wọ́n mọ̀ pé bí àpótí bá ti wọlé, owó yóò máa jáde láti orí géèmù kọ̀ọ̀kan tí onílé bá rà fún ọdún mẹ́fà tàbí méje. Apple kò ta ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ rí. Orí ẹ̀rọ gan-an ni ó ti kọ́kọ́ ń jèrè, ohun tí ó bá tún wọlé lẹ́yìn náà, àfikún ni. Láti ní kí ó wá máa ta àpótí ní àdánù nítorí ìrètí ọjọ́ iwájú, òwò tí ó ti ń ṣe láti àádọ́ta ọdún ni a ní kí ó dojú rẹ̀ dé.

Ó sì ti rí ọ̀nà mìíràn tí owó géèmù ń gbà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ láìkan àpótí kankan. Ní ọjọ́ kẹwàá oṣù keje ọdún 2008 ni ó ṣí App Store fún iPhone, tí áàpù inú rẹ̀ kò ju bí 500 lọ, ó sì sọ pé nínú gbogbo 100 dọ́là tí ẹnikẹ́ni bá rí níbẹ̀, 30 jẹ́ tòun. Angry Birds dé ní ọdún 2009, Candy Crush tẹ̀ lé e, àwọn ìyá àgbà tí kò fọwọ́ kan páàdì rí sì di ẹni tí ń ṣe géèmù nínú ọkọ̀ èrò. Nígbà tí Epic, àwọn tí ó ni Fortnite, gbé Apple lọ sí kóòtù ní oṣù kẹjọ ọdún 2020 nítorí owó ibodè yìí, ohun tí ó wà nínú àpò fara hàn: Adájọ́ Yvonne Gonzalez Rogers, nínú ìdájọ́ tí ó dá ní ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹsàn-án ọdún 2021, kọ ọ́ pé nǹkan bí 70 nínú 100 owó tí ń wọlé ní App Store ni ó jẹ́ ti géèmù, àti pé àwọn oníbàárà tí kò tó 10 nínú 100 ni ó ń san án. Lọ́dún kan náà, ìwé ìròyìn Wall Street Journal ṣe ìṣirò kan, èyí tí Apple jiyàn lé lórí, pé èrè tí ilé-iṣẹ́ náà jẹ lórí géèmù ní ọdún ìnáwó 2019 ju ti Sony, Nintendo, Microsoft àti Activision lọ bí a bá pa tiwọn pọ̀. Ẹni tí ó bá wá bi mí pé ìgbà wo ni Apple yóò wọ ọjà géèmù, mo ní ó ti wọ ọ́ tipẹ́tipẹ́, ẹnu ọ̀nà ọjà sì ni ó jókòó sí.

Kò sí ẹni tí ó lè sọ pé agbára ni kò ní. Láti ìgbà tí M1 ti jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 2020, ṣíìpù tí Apple ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ya ti di ohun tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ń pọ́n lé. Lọ́dún 2023, Resident Evil Village, géèmù tí a ṣe fún àpótí ńlá, sáré lórí iPhone 15 Pro tí a ń fi sínú àpò. Ẹni tí ó ní orí kò ní fìlà. Ohun tí ó ń sọnù lọ́wọ́ Apple ni ìgbẹ́kẹ̀lé àwọn tí ń ṣe géèmù, òun fúnra rẹ̀ ni ó sì fọwọ́ fà á ya. Nígbà tí iOS 11 jáde ní ọdún 2017, gbogbo áàpù àtijọ́ tí kò bá ìlànà bíìtì 64 mu kú lójú ọjọ́ kan, nígbà tí macOS Catalina sì jáde ní ọdún 2019, irú nǹkan náà tún ṣẹlẹ̀ lórí Macintosh: àìmọye géèmù tí ènìyàn fi owó ara rẹ̀ rà, tí ó ti ń ṣe láti ọdún mẹ́wàá, kò ṣí mọ́. Apple TV ọdún 2015 ni àwọn kan rò pé yóò di àpótí géèmù, ṣùgbọ́n Apple ní kí gbogbo géèmù orí rẹ̀ ṣeé fi rìmóòtù tín-ín-rín yẹn ṣe, rìmóòtù tí ojú ibi tí a ń fọwọ́ pa lórí rẹ̀ kò ju ìka méjì lọ. Ó di ọdún tí ó tẹ̀ lé e kí ó tó gbà pé géèmù lè béèrè páàdì gidi. Ẹni tí ejò bá bù jẹ rí, bí ó bá rí ekòló, á sá. Ẹni tí yóò fi ọdún márùn-ún àti owó yanturu ṣe géèmù ńlá kan yóò kọ́kọ́ béèrè pé ṣé ilẹ̀ tí òun fẹ́ kọ́lé sí kò ní yẹ̀ lábẹ́ òun.

Èyí ni mo ṣe ń sọ pé àwọn tí ń retí àpótí ń wo ibi tí kò yẹ kí wọ́n wò. Apple Arcade tí ó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2019, tí ẹnikẹ́ni lè san dọ́là márùn-ún dín sẹ́ńtì kan lóṣù nígbà náà kí ó ṣe géèmù tí kò ní ìpolówó nínú, jẹ́ ohun rere. Irinṣẹ́ tí ó fún àwọn oníṣẹ́ géèmù ní oṣù kẹfà ọdún 2023, láti fi dán géèmù Windows wò lórí Macintosh, jẹ́ ohun rere pẹ̀lú, lọ́jọ́ náà ni Hideo Kojima, àgbà ọ̀jẹ̀ nínú iṣẹ́ géèmù ní Japan, yọjú láti sọ pé Death Stranding ń bọ̀ lórí Macintosh. Áàpù Games tí ó bá iOS 26 dé ní ọdún 2025, tí ó kó gbogbo géèmù onífóònù jọ sójú kan, jẹ́ àmì pé ìtìjú ọdún 1984 ti ń dínkù. Ṣùgbọ́n a kì í fọjọ́ ọjà bọ́ adìẹ. Microsoft fi ogún ọdún ó lé sọ̀rọ̀ géèmù láìsinmi kí ó tó san 68.7 bílíọ̀nù dọ́là ra Activision Blizzard tán ní oṣù kẹwàá ọdún 2023, bẹ́ẹ̀ ni Nintendo ti wà lẹ́nu eré ṣíṣe láti ọdún 1889 tí ó ti ń ṣe káàdì. Apple lówó tí ó lè fi ra ẹnikẹ́ni nínú àwọn oníṣẹ́ géèmù tí kò tíì ní olówó orí, ṣùgbọ́n sùúrù ọdún púpọ̀ kò sí lórí àtẹ fún rírà.

Bí mo bá ní àǹfààní láti bá àwọn alákòóso Cupertino sọ̀rọ̀, n kò ní bẹ̀ wọ́n fún àpótí. N ó bẹ̀ wọ́n kí wọ́n ṣe ọ̀nà tí géèmù ọdún 2010 yóò fi máa ṣí lórí ẹ̀rọ tuntun, nítorí iṣẹ́ ọnà tí a kò lè wò mọ́ kò yàtọ̀ sí èyí tí a dáná sun. N ó bẹ̀ wọ́n kí wọ́n dín owó ibodè kù fún gbogbo ẹni tí ń fi géèmù jẹun, kì í ṣe fún àwọn kéékèèké nìkan. N ó sì bẹ̀ wọ́n kí wọ́n ṣe páàdì tiwọn kí wọ́n fi í sínú páálí Apple TV, gẹ́gẹ́ bí Wozniak ti fi méjì sínú ti Apple II, kí ẹni tí ó bá rà á lè mọ̀ láìbéèrè pé eré náà wà lára ohun tí a ṣe ẹ̀rọ yìí fún. Bí wọ́n bá ṣe mẹ́ta yìí, àpótí géèmù Apple ti wà nílẹ̀ nìyẹn, láìfi orúkọ mìíràn kún un.

Bí wọn kò bá ṣe é, àhesọ yóò máa padà wá lọ́dọọdún, àwọn ènìyàn yóò sì máa fi owó wọn pamọ́ de ohun tí kò dé. Ìmọ̀ràn mi fún ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń yọ ọ́ lẹ́nu pé kí ó dúró de ti Apple ni pé kí ó má dúró: ti Nintendo, ti Sony àti ti Microsoft ni ó wà lọ́jà, kí ó yan èyí tí géèmù tí ọmọ náà fẹ́ràn wà lórí rẹ̀, kí ó sì rà á.